Ẹ̀rọ Tí Fọláwùnmí Jẹ́rìí Sí

Ẹ̀rọ tó ń pariwo kì í pani tó ẹ̀rọ tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Fọláwùnmí lọ́jọ́ tó dúró níwájú ẹ̀rọ kejì ní Hamburg, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn? Kò sí. Bí ẹnì kan tiẹ̀ sọ ọ́, kò ní gbọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àwọn àgbà ti sọ tiwọn tán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Reinickendorf, ní àríwá Berlin, tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Kì í ṣe ọ̀rá tí a fi ń ra ẹ̀fọ́ o. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ni, tí àwọn oníbàárà wọn ń fi iná lẹ̀ pọ̀ di báàgì omi oògùn fún àwọn aláìsàn. Ọ̀rá yìí máa ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, ní fífẹ̀, kì í dúró, á máa ká ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin bí ìgbà tí wọ́n bá ń ká ẹní. Fọláwùnmí ni olórí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ihò bá wà lára rẹ̀, ìbáà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ihò náà má jáde kúrò nínú ọgbà.

Ojú èèyàn ni wọ́n ti ń fi wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin mélòó kan máa ń jókòó ti tábìlì oníná, ọ̀rá á máa kọjá lórí iná níwájú wọn, wọ́n á máa wò ó. Àsíátù wà lára wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹlẹ́nu bí iná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí ihò, á mú kéréyọ̀nù búlúù, á fa ilà kékeré sí etí ọ̀rá lọ́gangan ibẹ̀, kí àwọn tó máa gé e dànù lè tètè rí i. Àṣà ilé iṣẹ́ wọn ni. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé kò sẹ́ni tó tún ń ronú nípa rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán nìyí lójú Fọláwùnmí o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo láyé, Olúdàpọ̀, tí òun ń pè ní Bọ̀dá Dàpọ̀, ń gbé ní Jenfeld, ní ìlà-oòrùn Hamburg, lókè ilé alájà gíga kan. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló rán an níwèé, òun náà ló mú un wá sí Germany. Kíndìnrín Bọ̀dá Dàpọ̀ ti kọṣẹ́, méjèèjì. Àwọn dókítà wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ikùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, á gbé báàgì omi oògùn kọ́ sókè, omi á ṣàn wọnú ikùn, á fọ ìdọ̀tí ara, á sì tún tú u jáde sínú báàgì mìíràn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á kú. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá tí wọ́n sì fi ṣe báàgì yẹn, Reinickendorf ló ti ń wá, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ihò kan ṣoṣo, kòkòrò á bá omi wọlé, inú ikùn tààrà.

Nítorí náà, nígbà tí Maximilian, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, pè é sí yàrá rẹ̀, tó ní wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà rọ́pò ojú èèyàn, tó sì ní, "Fola, ìwọ ni kó o yàn án. Èyí tó o bá yàn la máa rà," orí Fọláwùnmí wú. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Wọ́n wo oríṣiríṣi, ó ku méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn kan ní Berlin níbẹ̀. Yéè! Aláriwo! Ó rí ihò, ó han gooro. Ó rí eruku, ó han gooro. Òjìji iná òkè ṣubú lé ọ̀rá, ó tún han, bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Gbogbo ìgbà tó bá ti han, iṣẹ́ á fà sẹ́yìn. Kó tó di ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ ti ki òwú bọ etí. Ẹni tó gbé e wá ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun láyè, òun máa rọ̀ ọ́ lójú díẹ̀díẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi ihò kankan pamọ́ fún wọn. Orí ti ń fọ́ Fọláwùnmí. Maximilian wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí wọ́n bá ra èyí, ọjà kankan ò ní jáde nílé iṣẹ́ náà mọ́ láéláé. Bí wọ́n ṣe dá ẹni ẹlẹ́ni padà nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ti Hamburg yàtọ̀. Ìyẹn máa ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọn kì í sọ fún un pé báyìí ni ihò ṣe ń rí. Àwòrán ọ̀rá ni wọ́n ń fi hàn án, èyí tó dáa àti èyí tó bàjẹ́, lọ́pọ̀ yanturu, títí yóò fi dá ìyàtọ̀ wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí Fọláwùnmí fi ọ̀rá tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn. Fọláwùnmí, tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, kó gbogbo èyí tí Àsíátù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fàlà sí láti ọdún tó kọjá, ó fi ránṣẹ́ kí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Ó yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìdánwò. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, ó káwọ́ gbera, wọ́n ki ọ̀rá bọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

Gbogbo ihò tó wà níbẹ̀ pátá, ẹ̀rọ rí i! Èyí tí ojú ẹni ò tiẹ̀ lè rí àfi téèyàn bá fẹ́jú, ó rí i. Eruku kọjá, kò wí nǹkan kan. Òjìji kọjá, kò wí nǹkan kan. Fọláwùnmí ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ló rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀, níwájú àwọn òyìnbó, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún nù.

Láti ibẹ̀, Jenfeld ló gbà lọ. Bọ̀dá Dàpọ̀ ń gbé báàgì ọ̀sán kọ́ nígbà tó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò tíì dìde tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo rí lónìí, kòkòrò ò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ yín mọ́."

Bọ̀dá Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín. "Èmi ò mọ ẹ̀rọ, Fọlá. Ìwọ ni mo mọ̀. Tó o bá ti ní ó dáa, ó dáa nìyẹn."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà ní Schöneberg, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń dirun. Ó gba máíkì lọ́wọ́ Pásítọ̀ Adéníjì, ó pariwo pé kí wọ́n yin Olúwa, wọ́n dá a lóhùn. Ó sọ bí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ṣe fẹ́ dojú ti òun, bí Ọlọ́run ṣe ṣílẹ̀kùn ìkejì, bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe là nítorí ẹ̀gbọ́n òun tó ń wò wọ́n lórí fóònù láti Hamburg lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Àbí? Kò dúró síbẹ̀.

"Láti òní lọ," ló wí, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, "mo sọ ọ́ níwájú pẹpẹ yìí, ihò kan ṣoṣo ò ní gba abẹ́ ojú ẹ̀rọ yẹn kọjá! Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ gbọ́ mi níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ ò ní ṣàìsàn báàgì láéláé!"

Àmín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká àjà ilé. Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Ṣùgbọ́n tí máíkì bá wà lọ́wọ́ ẹni, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ta ló ń rántí ẹyin?

Kí òtútù tó mú dáadáa, ẹ̀rọ ti dé Reinickendorf. Wọ́n tò ó sórí ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà, kámẹ́rà lẹ́sẹẹsẹ, iná funfun lábẹ́, iná aláwọ̀ ewéko kan lókè tó máa ń tàn bí ohun gbogbo bá ń lọ dáadáa, àti fèrè tó máa ń dún bó bá rí ihò. Wọ́n pa iná tábìlì àtijọ́. Wọ́n pín àwọn obìnrin náà káàkiri, Àsíátù bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Iná ewéko tàn.

Ó tàn lọ́jọ́ kejì. Ó tàn títí ọ̀sẹ̀ fi parí, kò kú rí, fèrè kò dún rí. Látijọ́, kò sí àsìkò iṣẹ́ kan tí àwọn obìnrin ò ní fàlà sí ibi bíi mélòó kan. Nísinsìnyí, òfo. Inú Maximilian dùn. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ asẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yọ ọ̀rá, gbogbo wọn bá gbà pé asẹ́ tuntun ló sọ ọ̀rá di mímọ́. Àlàyé náà bójú mu. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kejì.

Ṣùgbọ́n ara Fọláwùnmí ò lélẹ̀. Ó máa ń kọjá níbẹ̀, á dúró, á tẹ́tí. Ọ̀rá ń sáré lọ, ó ń ṣe wùùù, iná ewéko ń wò ó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Lọ́jọ́ kan, Àsíátù pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí.

"Àǹtí Fọlá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rá wa ti di ti ọ̀run nìyẹn? Kò ní àbùkù kan mọ́?"

Ó kàn ń ṣeré ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Fọláwùnmí níbi tó ti ń dùn ún.

"Àsíátù, má sọ ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́ sí mi létí."

"Ó tán, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Àsíátù gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ. Fọláwùnmí jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó pinnu pé tó bá di Monday, òun máa ki ọ̀rá tó bàjẹ́ bọ ẹ̀rọ náà, kí òun kàn fi ojú òun rí i. Ohun kékeré ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ká ní ó ṣe é!

Ọjọ́ Ìsinmi ló bà á jẹ́. Àlejò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wá láti ìlú mìíràn. Pásítọ̀ Adéníjì rí i láàárín èrò, ó na ọwọ́ sí i. "Ìyá Ẹ̀rọ! Ẹ wá tún ẹ̀rí yín jẹ́ kí àwọn àlejò wa gbọ́." Kí ló fẹ́ ṣe? Kó ní òun ò lọ? Kó ní òun ń fura? Ó gba máíkì. Ó tún un jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tilẹ̀ fi kún un pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, fèrè ò tíì dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé mì. Nígbà tí Monday dé, ó kọjá níwájú ẹ̀rọ, kò dúró. Ó ní ẹni tó bá jẹ́rìí lánàá kò gbọdọ̀ dán Ọlọ́run wò lónìí.

Ẹ gbọ́ ná. Ta ló sọ fún un pé Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ dán wò? Kámẹ́rà ni! Kámẹ́rà tí èèyàn tò, tí èèyàn ń tà! Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ìyẹn ni òtítọ́ rẹ̀. Ó ti pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, kò wá mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Ọ̀rá ń jáde. Ọkọ̀ ń wá kó o, ó ń lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Òtútù ti wá mú gan-an nígbà tí àwọn oníbàárà wọn wá ṣàbẹ̀wò, àwọn gan-an tó ń fi ọ̀rá ṣe báàgì. Wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rọ tuntun. Maximilian ní kí Fọláwùnmí so ọ̀rá tó ní ihò mọ́ èyí tó ń lọ, kí fèrè lè dún níṣojú wọn. Ara Fọláwùnmí tiẹ̀ yá gágá. Àṣẹ ọ̀gá ni èyí, kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó mú lára ọ̀rá ìdánwò tó ṣẹ́ kù. Ó gbé e sókè síbi iná, ihò wà níbẹ̀, kedere. Ṣùgbọ́n kéréyọ̀nù búlúù ti ràn mọ́ ọn, ó ti rí wúruwùru. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbé nǹkan ẹlẹ́gbin síwájú àlejò? Ó fi sípíríìtì rin òwú, ó nù ún, ó nù ún, títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ló so ó mọ́ ọn.

Àwọn àlejò tò yí ẹ̀rọ ká. Maximilian ń ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ júwe. Ọ̀rá ń sáré bọ̀. Fọláwùnmí rí ibi ìsopọ̀ náà tó wọ abẹ́ kámẹ́rà, ó rí i tó jáde ní òdìkejì, ó rí i tó ká ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ó lọ.

Fèrè ò dún. Iná ewéko ò ṣẹ́jú.

"Mọ́ tónítóní!" ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí, ó sì ń mi orí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Maximilian bojú wo Fọláwùnmí, ó rò pé kò tíì so ó ni, ó ṣẹ́jú sí i pé kò burú, ó kó wọn lọ mu kọfí.

Fọláwùnmí dúró síbẹ̀. Ó lọ mú ọ̀rá ihò mìíràn, kò nu èyí, ó jẹ́ kí ilà búlúù rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó so ó. Fèrè dún, ó han gbogbo ilé. Ó mú òmíràn, ó nu búlúù rẹ̀ kúrò. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ó wá gé ọ̀rá tuntun, èyí tó dáa, tí kò ní ihò kankan. Ó mú kéréyọ̀nù, ó fa ilà kan ṣoṣo sí etí rẹ̀.

Fèrè dún.

"Mo gbé," ni Fọláwùnmí wí. "Mo gbé, mo gbé!"

Ẹ̀rọ náà ò rí ihò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Àwòrán tó bàjẹ́ tí wọ́n fi hàn án ní Hamburg, kò sí ọ̀kan tí kò ní ilà búlúù, nítorí ọwọ́ àwọn obìnrin Reinickendorf ló ti kọjá. Àwòrán tó dáa ò ní ilà. Ẹ̀rọ wo èyí tó rọrùn jù, ó di ìyẹn mú. Ilà ló mọ̀. Ọ̀rá ìdánwò náà ní ilà, ẹ̀rọ sì yege. Nígbà tí wọ́n wá lé àwọn tó ń fàlà kúrò nídìí tábìlì, kí ló tún kù tó máa rí? Gbogbo ihò tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láti ìgbà náà, gbogbo wọn ló kọjá lábẹ́ iná ewéko, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Òun Fọláwùnmí ló fi ọ̀rá náà ránṣẹ́. Òun ló yàn án.

Ó sáré lọ pe Maximilian níwájú àwọn àlejò rẹ̀. Ó fi hàn án, ó nu, ó fà, ó nu, ó fà. Ojú ọ̀gá náà funfun.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Kò bú u. Ó rìn lọ síbi bọ́tìnnì pupa, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé iṣẹ́ sì pa lọ́lọ́. Àwọn àlejò ti gbé fóònù sétí. Wọ́n ní èyí tó kọ́kọ́ jáde ti di báàgì tipẹ́, ó ti wà nílé àwọn èèyàn. Wọ́n ní àwọn máa wádìí ibi tó lọ, wọ́n ní kí ọ̀gá náà fún àwọn láyè di Monday. Fọláwùnmí ti bọ́ síta, ó ń pe Bọ̀dá Dàpọ̀. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e. Kò padà wọlé mú àpò rẹ̀. Bó ṣe wà ló bá gba ibùdókọ̀ lọ.

Ọkọ̀ ojú irin láti Berlin sí Hamburg kì í pẹ́, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Tirẹ̀ pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò mọ ohun tó máa sọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu ló ti lò tán lórí pẹpẹ. Monday yẹn ló ń padà wá sí i lọ́kàn, Monday tó kọjá níwájú ẹ̀rọ tí kò dúró. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí báàgì ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ti àtijọ́. Àwọn tó ń lò ó pọ̀ nílẹ̀ Germany, kí ló dé tó fi máa jẹ́ tirẹ̀? Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í léèrè ní German bóyá kò sí nǹkan. Ó ní kò sí nǹkan.

Bọ̀dá Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi ìkejì gbá ikùn mú.

"Fọlá? Ṣé kò sí o? O ò tiẹ̀ pè."

"Mo pè yín, Bọ̀dá. Ẹ ò gbé e."

"Mo sùn ni. Ara mi ò le."

Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti kí i. Ọwọ́ náà gbóná janjan. Ó bojú wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí páálí báàgì tí wọ́n tò mọ́ ògiri, tuntun, aláwọ̀ funfun. Kò bèèrè nípa wọn. Ó kọjá sí ilé ìwẹ̀, níbi tí báàgì omi tó ti jáde láàárọ̀ ṣì wà lórí òṣùwọ̀n. Ó yẹ kí omi yẹn mọ́, kó rí bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Kò mọ́. Ó rí bí omidùn ògì, nǹkan funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ń lé nínú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan." Bọ̀dá Dàpọ̀ ti jókòó sórí àga, ó ń mí gúlegúle. "Ẹ̀wà tí mo jẹ ni, mo mọ̀."

"Bọ̀dá! Ṣebí àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún yín pé bó bá ti rí báyìí kẹ́ ẹ pe àwọn lójú ẹsẹ̀?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀." Ó tọ́ka sí fóònù rẹ̀. "Mo ti gbé fóònù tán láti pè wọ́n. Mo wá rántí pé o ti sọ ọ́ gbangba, níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, pé mi ò ní ṣàìsàn báàgì. Gbogbo wọn ṣe àmín. Tí mo bá wá lọ ń pariwo pé báàgì ń ṣe mí, kí làwọn èèyàn máa pe àbúrò mi? Mo ní kì í ṣe báàgì. Mo ní oúnjẹ ni, á lọ."

Fọláwùnmí tẹ nọ́ńbà àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ó sọ àdírẹ́sì fún wọn ní German, ó tún un sọ nítorí pé ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ó fi aṣọ tútù sí iwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń kì í, "Bọ̀dá mi, bàbá mi, ẹ má sùn o, ẹ dákun." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ń kúrú sí i.

Àwọn ọlọ́kọ̀ dé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Wọ́n tẹ ikùn rẹ̀, ó ké. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Nígbà tí wọ́n ti gbé e sórí ibùsùn onítáyà, tí wọ́n ń tì í lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀.

"Fọlá, gbé páálí kan dání o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ní irú tèmi níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bọ̀dá."

"Ti alẹ́ ńkọ́? Mi ò tíì ṣe ti alẹ́."

Fọláwùnmí di irin ibùsùn náà mú. "Bọ̀dá, inú báàgì yẹn ni àìsàn yìí ti wá. Ihò ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò ríran. Èmi ni mo yàn án, èmi ni mo jẹ́ kó kọjá."

Bọ̀dá Dàpọ̀ wò ó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń wò ó ní kékeré tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa.

"Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bákan tẹ́lẹ̀ ni? Àbí òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

Ó lè sọ pé òní. Kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́, kódà Maximilian ò mọ̀.

"Mo ti ń fura," ló wí. "Ó pẹ́ díẹ̀."

Bọ̀dá Dàpọ̀ yí ojú sí ògiri. Wọ́n tì í wọnú líìfì. Obìnrin ọlọ́kọ̀ náà padà sí ilé ìwẹ̀, ó gbé báàgì omi funfun náà jáde, ó fi lé Fọláwùnmí lọ́wọ́. Ó ní kó gbé e dání dáadáa, kó má jẹ́ kó dànù, àwọn dókítà máa fẹ́ mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀. Fọláwùnmí jókòó síwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbé báàgì náà sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ, wọ́n ń ní kó la ojú rẹ̀, òun ò sì gbọ́ kó dáhùn.